Kòtò Ẹnu Géètì Heslin

Ọdún mọ́kànlélógún ni Dervla ti ń fi kẹ̀kẹ́ kó lẹ́tà
gba ọ̀nà abúlé Lítírìmù,
níbi tí òjò kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ó mọ kòtò ibẹ̀ bí ahọ́n ṣe mọ àlàfo eyín:
Ìkòkò Àlùfáà, tó gbé fìlà bíṣọ́ọ̀bù mì;
Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, adágún ni láti oṣù kẹsàn-án;
èyí tó wà lẹ́nu géètì Colm Heslin
ti jẹ ríìmù méjì, kò tíì yó.

Gbọ̀ngàn. Gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn.
Agogo kẹ̀kẹ́ ń lu ara rẹ̀.
Màlúù gbójú sókè, wọ́n tún ń jẹko lọ.

Ní Ẹtì kan ṣá, ọkọ̀ ìjọba dé,
ọ̀dà gbígbóná dé,
ọ̀nà wá ń dán bí ẹ̀yìn ejò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé,
ọwọ́ Dervla yà fún kòtò tí kò sí mọ́.
Inú gọ́tà ni Colm ti fà á yọ,
lẹ́tà ń léfòó, ẹrẹ̀ dé imú.
"Ìwọ ọkùnrin yìí," ló wí,
"o ò wá lè kìlọ̀ fún mi
pé ọ̀nà ti dára?"