Owó Ọkọ̀

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n ṣí àyà rẹ, tí wọ́n tún un dí,
o lajú, o wò mí látòkè délẹ̀,
o ní, "Ìyá, owó ọkọ̀ yín dà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni,
Nolberto, ìwọ tó o dápàárá nídìí pósí bàbá mi.
"Ẹ san owó ọkọ̀, àbí kí ẹ sọ̀kalẹ̀."
Ojú rẹ kò rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀yin lo pè mí.
Ogójì ọdún lórí ìrọ̀rí kan náà, ẹ̀yin.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lo fi jókòó nínú ahéré onígi yẹn
lórí òkè Valparaíso,
tí ò ń fi okùn irin fa èèyàn gòkè bí ẹni ń fa omi nínú kànga:
àwọn ọmọ iléèwé, àwọn arúgbó pẹ̀lú àpò ànàmọ́,
ọ̀mùtí alẹ́ Sátidé tí kì í sanwó.
Ibẹ̀ lo padà sí.
Bẹ́ẹ̀dì di ọkọ̀. Wáyà tó wà láyà rẹ di okùn.
O ní okùn ń já, fọ́nrán kan ló kù,
ká tètè kó àwọn ọmọdé kúrò.
O bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo rẹ̀ tu,
ni wọ́n bá fi aṣọ funfun so ọwọ́ rẹ mọ́ irin,
ọwọ́ tí mo mọ̀ ju tèmi lọ.
Wọ́n ní kí n buwọ́ lùwé. Mo buwọ́ lù ú.

Ítalo, nọ́ọ̀sì òru, ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún,
ní, kì í ṣe wèrè, ìyá.
Ó ní ìrànrán ni: oògùn, ibà, àìsùn, iná tí kì í kú.
Ó ní á kọjá. Kò sọ ìgbà tí yóò kọjá.
Ó ní kí n mú jígí ojú rẹ wá, kí n mú aago wá,
kí n máa sọ fún ọ ibi tí a wà.
Mo ń sọ ọ́.
Ọjọ́bọ̀ lòní, Nolberto. Oṣù Keje ni. Òjò ń rọ̀.
Ọsibítù nibí. Èmi ni Eduvigis.
O ní irọ́ ni,
Eduvigis ò gbó tó báyìí.

Yasna ò wọlé mọ́ láti ọjọ́ tó o bi í
ìdí tó fi jẹ́ kí omi gbé àbúrò rẹ̀ lọ.
Ogún ọdún la fi ń rìn yí ọ̀rọ̀ yẹn ká nínú ilé
bí ẹni ń rìn yí kòtò ká lóru.
Ìwọ sọ ọ́ jáde lójú àlejò, lóhùn rara.
Ó wà ní kọ̀rídọ̀ báyìí, ó gbé fóònù sétí,
kò sẹ́ni tó ń bá sọ̀rọ̀.
Ṣé ìrànrán ló sọ ọ́,
àbí ìrànrán kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni?
Mi ò bi Ítalo. Ẹ̀rù èsì rẹ̀ ń bà mí.

Òru kẹfà, nígbà tó o tún bèèrè,
mo tú àpò mi. Ọgọ́rùn-ún pésò kan ni mo rí.
Mo fi í sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ nínú ìdè.
O pa ọwọ́ dé mọ́ ọn.
"Ẹ jókòó, ìyá. A ti fẹ́ gbéra."
Mo jókòó.
Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó o sùn.

O ti wà nílé. O ò rántí nǹkan kan.
Ò ń bi mí ìdí tí mo fi ń ta jí bó o bá sọ̀rọ̀ lójú oorun,
ìdí tí Yasna fi ń kí ọ láti ẹnu ọ̀nà.
Mo ní otútù ni.
Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ èmi nìkan
bí ẹrù tí èrò kan gbàgbé sínú ọkọ̀.

Láàárọ̀ yìí, o rí kọ́ìnì yẹn nínú àpò jígí rẹ.
"Ta ló fi owó síbí?"
Kí n tó dáhùn, o ti jù ú sókè, o ti hán an,
o ti fi kún owó búrẹ́dì,
o ti ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ lára ògiri.
Mo dúró lójú fèrèsé
títí o fi yà ní kọ̀rọ̀.