Ilà Ojú Kọ́kọ́rọ́

Aago méjì òru ní Ìtòkò. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé,
fáànù ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.
Bàtà mi wà lábẹ́ tábìlì, ẹ̀pà sísun wà nínú bébà,
ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń rùn bí àdá tútù.
Láti àná ni Ayétòrò ti ń pè:
"A ò rí ìwé owó. Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ ti dí."

Ọ̀nà abẹ́lẹ̀, orúkọ tí mo fún un nìyẹn,
ihò tí ìránṣẹ́ kan ń gbẹ́ gba abẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì
kí ọ̀rọ̀ wa má baà rìn níhòòhò lójú títì.
Kò lójú, kò lẹ́nu, kì í sùn,
ṣùgbọ́n mo kọ ilà fún un lọ́jọ́ tí mo gbé e dìde,
mo sì ka òfin sí i létí:
kọ́kọ́rọ́ tìrẹ ni kí o kà,
ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí o gbà jáde,
ilé àwọn òṣìṣẹ́, má yọjú síbẹ̀,
bí wọ́n tilẹ̀ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Bàbá mi àgbà a máa sọ nípa oníbodè kan,
nígbà tí odi ìlú ṣì dúró,
tó dá ọmọ olóyè padà nítorí ẹrù tí kò ní àmì.
Ọmọ náà ní, "Ṣé o mọ ẹni tí bàbá mi jẹ́?"
Oníbodè ní, "Mo mọ̀ ọ́n.
Òun ló ní kí n jókòó síbí."

Lípẹ̀dé, ọmọ iṣẹ́ mi, ti gbìyànjú títí.
Ó ṣí fáìlì náà sílẹ̀ fún tajá tẹran,
síbẹ̀ ìránṣẹ́ ń padà lọ́wọ́ òfo.
Ọ̀gá Ṣórẹ̀mẹ́kún pè láti Òbáńtokò, oorun lóhùn:
"Èmi ni gíwá. Mo pàṣẹ. Ẹ pa òfin yẹn, ká rí oorun sùn."
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà."
A lè pa á. Ọ̀rọ̀ kan, òdo kan ní ìdí rẹ̀,
oníbodè á wà lórí àga, á máa kọ orúkọ ẹni tó ń wọlé,
kò sì ní na ọwọ́ dá ẹnikẹ́ni dúró.
Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí, lọ́dún kejì iṣẹ́ mi.
N ò ní sọ ohun tó wọlé.

Mo ṣí ìwé oníbodè.
Gbólóhùn kan náà, ó tó ẹgbẹ̀rún ìgbà:
ìránṣẹ́ fẹ́ ka kọ́kọ́rọ́; kọ́kọ́rọ́ ní ilà ilé ọ̀gá; a kọ̀.
Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun.
Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ tuntun
kúrò nínú yàrá rẹ̀ sínú yàrá ìránṣẹ́.
Gbígbé ló gbé e. Kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀.
Ohun tí a gbé kì í pa ilà ojú rẹ̀ dà:
Ìsẹ́yìn ni ìyá mi ti wá fẹ́ bàbá mi ní Kémta,
ó fi ogójì ọdún mu omi Ògùn,
pélé rẹ̀ ò parẹ́.

Mo tẹ àṣẹ kan:
gba ilà ilé tí o wà.
Ihò là. Ayétòrò dáhùn. Ìwé owó ń wọlé, ojú ìwé kan lẹ́yìn èkejì.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ògiri tí kò lẹ́nu rárá, sàréè ni.
Iṣẹ́ tèmi ni kí n dá ẹnu sí i,
kí n sì fi rúlà wọn ẹnu náà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo fẹ́ yẹ kọ́kọ́rọ́ náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i,
láti orí àkáǹtì ara mi.
A kọ̀.
Orúkọ mi wà nínú ìwé oníbodè,
aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ.
Mo wọ bàtà mi.